Ẹni Tó Ń Jẹun fún Bọ̀dá Múfú

Ìró tó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi létí tí mo bá rántí ọdún yẹn ni ìró itọ́. Kì í ṣe fèrè ilé-iṣẹ́ Oregun tó máa ń han láàárọ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ata Ìyá Aládùúrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Àgídìngbì, kì í sì í ṣe okùn kànga tó ń ha irin. Itọ́ ni. Pàá báyìí, nínú agolo mílíìkì. Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi, ló ni agolo náà. Wọ́n máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu yàrá wọn, wọ́n á máa rún orógbó, wọ́n á tutọ́, wọ́n á yọjú wo inú agolo bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá omi ògì ti hó, wọ́n á tún tutọ́. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọkùnrin tó lágbára tó wọn kì í tutọ́ báyẹn láìnídìí. Àwọn tí mo mọ̀ tó máa ń tutọ́ kiri nínú ilé wa ni àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n bá ti lóyún. Mo lọ bá ìyá mi nídìí ààrò, mo ní, "Màámi, ṣé Bọ̀dá Múfú ti lóyún ni?" Ìyá mi kọ́kọ́ gbá mi létí, kí wọ́n tó wá bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní mo ṣì rò pé ẹ̀rín yẹn ló yẹ kó ṣíwájú.

Bọ̀dá Múfú ò lóyún. Akànṣẹ́ ni wọ́n. Láàárọ̀ wọ́n á ru àpò ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Oregun, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á gba Agége lọ, lẹ́yìn ilé-ìwé kan, níbi tí wọ́n ti ń kan àpò oníyanrìn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lábẹ́ ojú ọkùnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Kóòṣì. Èmi ni mo máa ń gbé báàgì wọn tẹ̀ lé wọn, nítorí náà etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìdíje kan ń bọ̀ ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá borí nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa mú sínú ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ń lọ jà lókè òkun. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀n tí Ọlọ́run fún Bọ̀dá Múfú, ọkùnrin kan wà ní Mushin tí apá rẹ̀ gùn débi pé ó lè gbá ọ létí kó o tó ráyè kí i. Kóòṣì wá ní kí Bọ̀dá Múfú sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀, kílò ọgọ́ta, níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké wà. Ó na ìka sí ikùn wọn tí kò sí ọ̀rá kankan níbẹ̀. "Ẹran ara ẹ ló pọ̀ jù. Tó o bá lè fi kílò méje sílẹ̀ nílé, o ti wọ bàálù." Bọ̀dá Múfú ò jiyàn. Ẹni tó ń ru àpò láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n bá sọ fún un pé ẹrù tó kù tó máa sọ̀ kò ju ara rẹ̀ lọ, á rò pé ìyẹn ló rọrùn jù. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Wọn ì bá má tilẹ̀ kìlọ̀, torí kò yé mi. Lójú tèmi, irin ni wọ́n ń fi kílò tà. Mi ò mọ ohun tó kan ènìyàn níbẹ̀.

Ìdí tí wọn ò fi fẹ́ kí ilé gbọ́ ni Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi, àwọn náà ló bí Bọ̀dá Múfú. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá gbé lọ́dọ̀ wa, torí bàbá mi ń wa ọkọ̀ àjàgbé lọ sókè Ọya, ó sì máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́: àwo kankan kò gbọdọ̀ padà sí ìdáná tòun toúnjẹ. Wọ́n gbà pé oúnjẹ kì í ṣẹ́ kù lásán. Tó bá ṣẹ́ kù, yálà ẹni tó sè é ní nǹkan nínú sí ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́, tàbí ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́ ti rí nǹkan. Kí ìyá mi tó fọ abọ́, wọ́n á kọ́kọ́ kó o kọjá níwájú Ìyá Àgbà bí ìgbà tí ọmọ-ogun bá ń yan kọjá níwájú ọ̀gá. Ibi tí mo ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bọ̀dá Múfú ò lè jẹun, àwo wọn ò sì gbọdọ̀ padà lódindi. "Ràṣídì, wọlé, ti ilẹ̀kùn." Màá jókòó sórí ilẹ̀, èbà wọn níwájú mi, ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú ẹran tí wọ́n gé fún àgbàlagbà. Àwọn á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa wo ọ̀fun mi.

"Jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń lé ọ? Ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?"

"Ó tó, Bọ̀dá."

"Ẹran ńkọ́? Ṣé ó rọ̀?"

"Ó rọ̀ dáadáa."

"Rún un kí n gbọ́."

Màá rún un kí wọ́n gbọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á di ojú, ẹnu tiwọn náà á máa lọ sókè sódò láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀, tí mo bá sì gbé e mì, àwọn náà á gbé e mì. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ oúnjẹ ìyá mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n lè sọ ọjọ́ tí ata jóná díẹ̀ kìkì nítorí bí mo ṣe jẹnu.

Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bọ̀dá Múfú wọlé, ọrùn wọn ga jáde nínú ẹ̀wù bí ọmọ odó nínú garawa. Tó bá di ọ̀sán gangan, tí ajá pàápàá ti sá wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á ki ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù ní Oregun bọ ara, wọ́n á wọ súwẹ́tà lé e, wọ́n á sáré láti Àgídìngbì gba iwájú àwọn ọ́fíìsì Aláúsá kọjá, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti máa ń yọjú lójú fèrèsé wo wèrè tó ń lọ. Tí wọ́n bá dé, tí wọ́n bọ́ ọ̀rá náà, òógùn á dà jáde nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da omi ìṣanwọ́ nù. Ọjọ́ kan Ìyá Aládùúrà, tí yàrá wọn kojú sí tiwa, dìde nídìí ẹ̀rọ ata, wọ́n bu omi sí ife, wọ́n gbé e wá.

"Múfú, mu èyí. Ó ti sùn lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa."

"Ẹ ṣé, mà. Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Ẹni tó ń kán tótó bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú omi ló ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Ìyá Aládùúrà wo ife, wọ́n wo Bọ̀dá Múfú. "Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí kì í mu omi," ni wọ́n wí, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Àwọn méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀ tayọ ẹ kú àárọ̀, torí agogo ọ̀kan máa ń bá ìrun àsùbáà èkejì jà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí. "Màámà, ẹni tó bá ń sá fún omi àdúrà, nǹkan kan ń bẹ nínú ẹ̀ tí omi náà máa lé jáde." Ìyá Àgbà mi orí. "Mo ti ń wò ó tipẹ́. Kì í ṣe inú ẹ̀ ló wà. Inú ìkòkò ni."

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò lè bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú Ìyá Àgbà. Kì í ṣe ìtọ́wò díẹ̀ o. Òkèlè gidi, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á la ẹnu kí Ìyá Àgbà wò ó. "Ìyàwó, mi ò sọ pé ìwọ ni o." "Mo gbọ́, mà." "Mo kàn ní kí n rí i ni." "Ẹ rí i, mà." Ìyá mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n mo mọ ìbínú wọn nínú bí wọ́n ṣe ń gún ata. Odó ìdílé wa kò tíì gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n tún máa ń bi Bọ̀dá Múfú léèrè lójú gbogbo èèyàn, bí ìyàwó ilé ṣe ń bi àbúrò ọkọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó mú bí abẹ: "Bọ̀dá Kékeré, ṣé ẹ jẹun tán?" "Mo jẹun tán, Ìyàwó wa. Ó dùn gan-an." Àwo rèé, ó mọ́ féfé. Ọkùnrin rèé, ó ń tán lọ. Ìyá Àgbà á wo àwo, wọ́n á wo ọkùnrin, òǹkà ò ní pé.

Ọjọ́ tí òǹkà wọn pé ni ọjọ́ tí bọ́tìnnì ẹ̀wù ilé-ìwé mi já. Mo tẹ̀ ba láti mú bàtà, bọ́tìnnì náà ta, ó lọ bá Ìyá Àgbà lórí ẹní. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wá gbójú sókè wò mí láti orí dé ikùn, wọ́n fi oríkì mi pè mí.

"Àjàní, wá níbí. Kí lo ń jẹ?"

"Oúnjẹ ni, Màámà."

"Oúnjẹ ta?"

Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ, mo bá ń wo bọ́tìnnì ọwọ́ wọn. Wọ́n tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wò bí ẹni tó ń ra ìbẹ́pẹ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Ìyá Aládùúrà lẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn pé, "Ọ̀kan ń gbẹ, ọ̀kan ń sanra, inú ilé kan náà ni. Nǹkan ń gba inú ọ̀kan lọ sínú ìkejì." Ohùn wọn ò le. Ìbànújẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Mo jókòó sẹ́yìn kànga, mo wo ọwọ́ mi. Ó ti sanra lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi. Mo rò ó wò: mo jẹ oúnjẹ Bọ̀dá, mo sanra, Bọ̀dá ń tán. Bí àjẹ́ bá ní ìwé-ẹ̀rí, kí ló tún kù tí mi ò tíì ní? Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń fò, nítorí náà tí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń fi ìborùn ìyá mi so ọrùn ẹsẹ̀ mi mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ màá kọ́kọ́ wò ó bóyá kókó náà ṣì wà bí mo ṣe dì í. Ó máa ń wà. Èyí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀, mo kàn gbà pé mo mọ iṣẹ́ náà débi pé mo ń tún kókó náà dì padà.

Kóòṣì ò ní òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n tó súnmọ́ wa jù ni ti Bàbá Onírin, tó ń ra àlòkù irin lójú ọ̀nà Agége. Òṣùwọ̀n onípẹpẹ ni, ojú rẹ̀ róbótó bí aago, ọwọ́ pupa kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n kó tó dúró. Ní gbogbo Sátidé, Bọ̀dá Múfú á bọ́ bàtà, wọ́n á bọ́ aṣọ ku pátá, wọ́n á gun pẹpẹ náà láàárín ẹ́ńjìnnì tó ti kú àti páànù tó ti dípẹtà, wọ́n á mí sóde bí ẹni pé èémí náà wúwo. Àwọn tó gbé irin wá á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Bàbá, èló lẹ máa ra eléyìí?" "Mi ò ra egungun." Kò sí ẹni tó ń tajà fún ọkùnrin yìí tí kì í bá a jà. Èmi náà ti ru páìpù lọ síbẹ̀ rí, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká, ó wọ̀n ọ́n, ó ní kò tó nǹkan. Ìyá Aládùúrà gbé ẹ̀rọ ata wọn àtijọ́ lọ, wọ́n padà wálé, wọ́n ní kí n gbàdúrà fún àwọn kí àwọn má ṣépè. Ṣùgbọ́n tí Bọ̀dá Múfú bá gun pẹpẹ náà, tí ọwọ́ pupa bá lọ sílẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, àwọn tó ń bínú lórí irin wọn pàápàá. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, ọwọ́ pupa gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó dúró sórí ọgọ́ta. "Ó ti wọlé," ni Bàbá Onírin wí. Bọ̀dá Múfú fẹ́ jó, ńṣe ni wọ́n wá jókòó sórí ẹ́ńjìnnì kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wọn àwọn akànṣẹ́ ní Ìkẹjà ń rùn bí òróró ìpara àti ìbẹ̀rù. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló jókòó ti òṣùwọ̀n. Bọ̀dá Múfú gùn ún bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀. Obìnrin náà wo ojú òṣùwọ̀n, ó ní, "Kílò mẹ́rin ààbọ̀ ló fi lé." Bọ̀dá Múfú rò pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún. Mẹ́rin ààbọ̀. Kóòṣì fa obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní wọ́n ti ṣe nǹkan sí òṣùwọ̀n yìí, ó ní òun mọ iṣẹ́ àwọn ará Mushin. Obìnrin náà ní kó gbé ti ilé rẹ̀ wá. Kóòṣì wá yíjú sí Bọ̀dá Múfú.

"Kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Kí lo mu?"

"Kóòṣì, mi ò tíì gbé omi mì láti àná."

Ó yíjú sí mi. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró lórí ikùn mi. "Ìwọ, sọ òtítọ́. Kí ló jẹ?"

"Èmi ni mo jẹ ẹ́, sà," ni mo wí. "Èmi ni mo jẹ gbogbo ẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣẹ̀fẹ̀. Mo rò pé mo ń jẹ́wọ́ àjẹ́ ni.

Wọ́n fún wọn di ọ̀sán kí wọ́n fi sọ mẹ́rin ààbọ̀ náà nù. Kóòṣì ní ọ̀rẹ́ kan ní ilé búrẹ́dì tí kò jìnnà. Ibẹ̀ la gbé Bọ̀dá Múfú lọ. Wọ́n fi ọ̀rá wé wọn, wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun wé e mọ́ra, wọ́n gbé wọn jókòó síwájú ààrò tí búrẹ́dì gbígbóná ń ti inú rẹ̀ jáde. Mi ò mọ ìyà kan tó ju ìyẹn lọ, kí ebi máa pa èèyàn níbi tí afẹ́fẹ́ pàápàá dùn. Òógùn dà títí, lẹ́yìn náà kò dà mọ́. Awọ ara wọn gbẹ, ó pupa. Wọ́n fi orógbó sí wọn lẹ́nu kí wọ́n tutọ́, wọn ò rí itọ́ tu. Nígbà tó yá omijé bọ́ lójú wọn, Kóòṣì fi aṣọ nù ún. "Sunkún dáadáa," ló wí. "Ìyẹn náà wà nínú ìwọ̀n." Nígbà tí a padà sí gbọ̀ngàn, obìnrin aláwò ojú wo òṣùwọ̀n, ó wo Bọ̀dá Múfú, ó tún wo òṣùwọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Wọ́n ti wọlé. Kóòṣì gbé ògì fún wọn, wọ́n mu ún, wọ́n bì í.

Ọmọ Ìkòròdú kan ni wọ́n fẹ́ bá jà nírọ̀lẹ́, ó kúrú, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́. Nínú ráúndì àkọ́kọ́ Bọ̀dá Múfú lù ú dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irú bàtà tí wọ́n máa rà fún mi bọ̀ láti òkè òkun. Nínú ráúndì kejì, wọ́n ń lu afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Wọ́n á nawọ́, ọwọ́ á débẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ náà ti kúrò. Ẹnu wọn ṣí sílẹ̀, kò sí ohun tó ń jáde níbẹ̀. Èmi ti wà lábẹ́ àga nígbà yẹn. Akíkanjú ni mí ní gbogbo ìgbà tí kò sí ewu. Láàárín ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà ni mo ti rí ìyókù, nítorí náà bí mo ṣe ń rántí ìṣubú Bọ̀dá Múfú ni èèpo ẹ̀pà ń já bọ́ síwájú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tó gbé wọn ṣubú, èmi gan-an lè gbà á kí n sì máa bá ọ̀nà mi lọ. Wọn ò ṣubú bí ẹni tí wọ́n lù. Ńṣe ni wọ́n jókòó, wọ́n sùn, rẹfirí kà á tán, wọn ò dìde.

Ní ọsibítù wọ́n fi omi dírípù sí wọn lọ́wọ́ méjèèjì. Ìyá Àgbà àti ìyá mi dé, ìborùn Ìyá Àgbà ti yí sẹ́yìn. Wọ́n di dókítà mú lápá. "Dókítà, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Kí ni wọ́n fún ọmọ mi jẹ?" Dókítà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti rẹ̀, ní, "Màámà, wọn ò fún un ní nǹkan kan. Òùngbẹ ni. Kíndìnrín rẹ̀ ti fẹ́ dákẹ́ iṣẹ́, torí kò rí omi." Ìyá Àgbà ò gbọ́ ọ dáadáa, àbí wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò gbà á. "Òùngbẹ," ni wọ́n wí. "Kànga sì wà nínú ilé wa." Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù. Bọ̀dá Múfú fúnra wọn ló wá sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó dà bí ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì: Kóòṣì, kílò ọgọ́ta, orógbó, àti ẹni tó ń bá wọn jẹun. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí mi, wọ́n fi gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì mú pẹ́. Mi ò so ẹsẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a délé, wọ́n bu èbà látinú ìkòkò fúnra wọn, wọ́n jẹ ẹ́ láìní kí ìyá mi tọ́ ọ wò. Nínú ilé wa, ẹ̀bẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Kóòṣì wá kí wa lọ́jọ́ kejì, kò tíì jókòó tó fi sọ pé, "Ẹnì kan nínú ilé yìí ló ń fún un lóúnjẹ. Òṣùwọ̀n kì í purọ́." Ìyá mi gbé abọ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní mo ń fi oúnjẹ pa á. Lónìí, wọ́n ní mo fi oúnjẹ bọ́ ọ. Òṣùwọ̀n wo ni kì í purọ́?" Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pe onítírọ́ọ̀lì, wọ́n gbé àpò ìrẹsì tí bàbá mi kó dé lé tírọ́ọ̀lì rẹ̀, èyí tí a ò tíì tú, tí wọ́n kọ àádọ́ta kílò gàdàgbà sí lára. Èmi ń sáré tẹ̀ lé wọn dé ojú ọ̀nà Agége. Wọn ò kí Bàbá Onírin. Wọ́n ní kí onítírọ́ọ̀lì gbé àpò náà sórí pẹpẹ. Ọwọ́ pupa gbọ̀n, ó dúró sórí mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àwọn tó gbé irin wá sún mọ́ ọn, wọ́n wo àpò, wọ́n wo òṣùwọ̀n, ariwo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá Onírin ò tilẹ̀ dìde lórí tábúrẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ìyá Ràṣídì, irin ni mo ń wọ̀n níbí. Mi ò wọn èèyàn. Ta ló pè é?"

Ìyá mi ní kí onítírọ́ọ̀lì gbé àpò náà padà sílé. Ìfura tó wà nínú ilé wa lọ́dún yẹn pọ̀ tó èyí tí a lè pín fún gbogbo Àgídìngbì. Ó kan ìkòkò ọbẹ̀, ó kan omi àdúrà, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kékeré. Kóòṣì rí òṣùwọ̀n òtítọ́, òun náà fura sí i. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo Agége mọ̀ ní olè, òun la gbé ẹ̀mí Bọ̀dá Múfú lé, torí ohun tí a fẹ́ gbọ́ ló ń sọ fún wa. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí n gun òṣùwọ̀n báyìí, mo máa ń yọ páálí iyọ̀ oníkílò kan nínú àpò mi, màá kọ́kọ́ gbé e sórí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń rò pé orí mi ti dàrú. Kí wọ́n máa rò ó lọ.

Bọ̀dá Múfú padà sí ìjà. Ìyẹn ni kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Kóòṣì lọ ra òṣùwọ̀n gidi, wọ́n sì gbà pé òṣùwọ̀n nìkan ni ìṣòro wọn. Wọ́n tún sọ kílò nù, wọ́n tún kó o padà, wọ́n tún sọ ọ́ nù. Ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n máa ń yẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Ráúndì kejì di ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti ń kú. Ìtọ̀ wọn pupa bí sóbò, wọ́n ń sọ fún ìyá mi tó ń fọ ṣòkòtò wọn pé osùn ló ta sí i. Ọmọ Ìkòròdú yẹn ló wọ bàálù. Kóòṣì rí àwọn mìíràn tó lè sọ kílò nù, kò wá sílé wa mọ́. Lọ́jọ́ kan Bọ̀dá Múfú gbé ìbọ̀wọ́ wọn kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aláǹtakùn sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ orí tí àwọn akànṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni wọ́n ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní akànṣẹ́ àtijọ́.

Yàrá kan náà ni wọ́n ṣì wà ní Àgídìngbì. Wọ́n ti darúgbó ju ọjọ́ orí wọn lọ. Kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Dókítà ní òun ò lè búra pé ohun ọdún yẹn ló fà á, òun ò sì lè búra pé kì í ṣe ohun náà. Ohun tó dájú ni pé omi ni wọ́n ń wọ̀n fún wọn báyìí, ife kan péré lóòjọ́, nítorí èyí tó bá lé yóò mú ara wọn wú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí wọn. Ooru mú. Ìyàwó wọn gbé ife omi tútù wá fún àlejò, ara ife náà ń làágùn. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Bọ̀dá Múfú wo ife náà, wọ́n wò mí. Wọ́n mọ irọ́ yẹn ju èmi lọ.

"Ràṣídì, gbé e."

Mo gbé e. Wọ́n jókòó dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn wà lára ọ̀fun mi.

"Mu ún díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń lé ọ? Ṣé ó tutù?"

"Ó tutù, Bọ̀dá."

Mo gbé e mì. Àwọn náà gbé e mì.